Ṣé Kí Ìjọba Tú Ọjà Sílẹ̀ Lọ́jọ́ Kan Ni, Àbí Díẹ̀díẹ̀? Ìfiwéra Ọ̀nà Márùn-ún

Àwọn tó gbé ní Pólàndì ní àwọn ọdún 1980 kì í gbàgbé ọ̀rọ̀ ọtí kíkan. Ẹni tó bá wọ ilé ìtajà ìjọba nígbà náà lè bá ìgò ọtí kíkan tó tò gbọọrọ lórí pẹpẹ, kó má rí ẹran, kó má rí ṣúgà, kó má rí ọṣẹ. Káàdì ni wọ́n fi ń pín ẹran. Àwọn ìyá àgbà á ti lọ tò síwájú ṣọ́ọ̀bù kílẹ̀ tó mọ́, torí wọ́n gbọ́ fìrìfìrì pé ọkọ̀ ẹrù kan lè dé. Owó ò wọ́n lọ́wọ́ èèyàn. Ọjà tí wọn yóò fi owó náà rà ni kò sí.

Bí nǹkan ṣe máa ń rí nìyẹn níbi tí ìjọba bá ti ń darí ọrọ̀ ajé látòkè délẹ̀. Ọ́fíìsì kan ní olú-ìlú ló ń sọ iye bàtà tí ilé-iṣẹ́ kan gbọ́dọ̀ ṣe lọ́dún, iye tí wọ́n gbọ́dọ̀ tà á, àti ẹni tí wọ́n gbọ́dọ̀ kó o fún. Ní Ìṣọ̀kan Sófíẹ́ẹ̀tì, Gosplan lorúkọ olórí irú ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀, Moscow ló sì wà. Láàárín 1978 sí àárín àwọn ọdún 1990, orílẹ̀-èdè tó ju 25 lọ ló jáde kúrò nínú ètò yìí. Àwọn kan sáré jáde, àwọn kan rọra yọ́ jáde, àwọn mìíràn ṣubú lẹ́nu ọ̀nà.

Ì báà jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ọrọ̀ ajé ni ọ́, tàbí oníròyìn, tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ní kó gba ìlú rẹ̀ nímọ̀ràn, àríyànjiyàn kan náà lo máa bá pàdé: ṣé kíákíá ló dáa ni, àbí díẹ̀díẹ̀? Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá ọ̀rọ̀ yìí yí, ohun tó sì dá mi lójú ni pé ìbéèrè méjì ni wọ́n dì sínú àpò kan. Èkíní: báwo la ṣe máa tú iye owó ọjà sílẹ̀? Èkejì: ta ni yóò ni àwọn ilé-iṣẹ́? Ìwé kan tí mínísítà buwọ́ lù lálẹ́ lè tú iye owó ọjà sílẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́. Àmọ́ ẹni tó ni nǹkan tó sì ń ṣọ́ ọ, ilé ẹjọ́ tó lè gba gbèsè fún ẹni tí wọ́n jẹ, báńkì tó lè wo ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ńlá lójú kó ní òun ò yá a lówó, ọ̀pọ̀ ọdún ni ìyẹn ń gbà, ẹni yòówù kó buwọ́ lùwé. Mú ìyàtọ̀ yìí lọ́wọ́ bí o ṣe ń kà lọ.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Mẹ́ta ni. Àkọ́kọ́ ni ohun tó ń náni: ta ló san án, ìgbà wo ló sì san án? Kò sí èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ nínú wọn. Àwọn ọ̀nà kan ń gba owó wọn lójú ẹsẹ̀, àwọn mìíràn ń kọ ọ́ sílẹ̀ ní gbèsè fún ogún ọdún. Èkejì ni bó ṣe ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé tó: bí ìjọba bá yí padà, ṣé yóò dúró? Ṣé kò ní ṣílẹ̀kùn fún àwọn tó sún mọ́ agbára láti kó ohun gbogbo lọ? Ẹ̀kẹta ni bó ṣe bá ara orílẹ̀-èdè náà mu: ṣé àgbẹ̀ ló pọ̀ níbẹ̀ àbí òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńláńlá, ṣé owó ibẹ̀ ṣì níyì, ṣé ọwọ́ ìjọba ṣì ká ìlú? Ẹ̀kẹta yìí làwọn èèyàn máa ń fò dá jù, òun gan-an ló sì ń pinnu bí ìyókù yóò ṣe rí.

Ọ̀nà kìíní: gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo

Èyí làwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ń pè ní shock therapy, ìwòsàn òjijì, Pólàndì sì ni àpẹẹrẹ rẹ̀ tó mọ́ jù. Ní oṣù kẹsàn-án 1989, Tadeusz Mazowiecki gbé ìjọba kalẹ̀, ó fi Leszek Balcerowicz ṣe mínísítà ètò ìnáwó. Owó ìlú ti ń jóná nígbà yẹn, iye owó ọjà ń fò sókè lósooṣù. Balcerowicz gbà pé ohun tó bá yá kì í tún pẹ́ mọ́. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1990, wọ́n tú iye owó nǹkan bí ìdá 90 nínú 100 ọjà sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan náà, wọ́n gé owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń fún àwọn ilé-iṣẹ́, wọ́n gbé èlé orí owó yíyá sókè, wọ́n so zloty, owó Pólàndì, mọ́ dọ́là ní 9,500 sí dọ́là kan, wọ́n sì ní kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ máa kó ọjà wọlé láti òkèèrè. Ilé-iṣẹ́ ìjọba tó bá sọ owó oṣù di púpọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, owó orí tó gbóná ń dúró dè é.

Ní oṣù kìíní yẹn nìkan, ọjà wọ́n sí i ní nǹkan bí ìdá 80 nínú 100. Ẹni tó gbowó oṣù ní ìparí ọdún rí i tí nǹkan bí ìlàjì rẹ̀ yọ́ lójú ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n kó tó di oṣù kẹta, eré náà ti rọlẹ̀, ohun tí ọjà fi ń wọ́n sí i lóṣù kò tó ìdá 10 nínú 100 mọ́. Ọjà sì padà sórí pẹpẹ. Ní Warsaw, àwọn èèyàn na ibùsùn oníkíká, èyí tí àwọn ọmọ ogun máa ń sùn lé, sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n to ẹran, kọfí, sòkòtò àti batiri lé e lórí. Àwọn mìíràn ń tajà lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò wọn. Wọ́n ń wọkọ̀ lọ sí Berlin lọ ra ohun tí kò sí nílé, wọ́n sì ń bọ̀ wá tà á láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó padà di ọ̀gá okòwò, ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ibùsùn oníkíká yẹn kọ́ mi ju ọ̀pọ̀ ìwé lọ: kò sẹ́ni tó yàn wọ́n, kò sẹ́ni tó ya owó fún wọn, ìjọba kàn kúrò lójú ọ̀nà ni.

Ohun tó náni kò kéré. Iṣẹ́ tó ń jáde láwọn ilé-iṣẹ́ dínkù ní 1990 àti 1991. Àìríṣẹ́ṣe, tí wọn kì í gbúròó rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kọjá ìdá 16 nínú 100 nígbà tí 1993 fi máa parí. Àwọn tó jìyà jù ni àwọn òṣìṣẹ́ oko ìjọba ní ìwọ̀-oòrùn àti àríwá, níbi tó jẹ́ pé oko kan ṣoṣo ló ń fún gbogbo abúlé níṣẹ́, níléèwé, ní ilé ìwòsàn. Nígbà tí oko náà kógbá sílé, kò sí ohun mìíràn níbẹ̀ fún wọn. Èmi ò lè fara mọ́ àwọn tó máa ń ka àṣeyọrí Pólàndì láìdárúkọ àwọn abúlé wọ̀nyí.

Ṣùgbọ́n nípa bó ṣe ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, Pólàndì gba ipò kìíní. Lọ́dún 1993, ẹgbẹ́ tó ti inú ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì àtijọ́ jáde ló borí nínú ìdìbò, torí inú ń bí àwọn èèyàn. Wọn ò dá nǹkan kan padà sẹ́yìn. Ọrọ̀ ajé ti ń dàgbà láti 1992, nígbà tó sì di 1996, Pólàndì ti padà sí ibi tó wà ní 1989, kó tó di pé orílẹ̀-èdè èyíkéyìí mìíràn nínú àwọn tó wà lábẹ́ Moscow débẹ̀.

Ohun méjì ló yẹ kí ẹni tó fẹ́ fara wé Pólàndì mọ̀. Wọ́n rí ìrànlọ́wọ́ gbà: àwọn orílẹ̀-èdè ìwọ̀-oòrùn kó bílíọ̀nù kan dọ́là sílẹ̀ láti gbe zloty lẹ́sẹ̀, nígbà tó sì di 1991, àwọn ìjọba tí Pólàndì jẹ ní gbèsè gbà láti dín in kù sí ìdajì. Ìkejì, Pólàndì kò sáré ta àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá. Ṣọ́ọ̀bù kéékèèké bọ́ sọ́wọ́ aládàáni kíákíá, àmọ́ ó di 1995 kí ètò ńlá kan láti pín àwọn ilé-iṣẹ́ fún gbogbo ìlú tó bẹ̀rẹ̀. Ìjọba ṣì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fún ọdún púpọ̀. Ohun tó yàtọ̀ ni pé wọ́n ti mọ̀ pé bí àwọn bá jẹ gbèsè, ẹnikẹ́ni ò ní bá wọn san án. János Kornai, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ọmọ Hungary, ti ṣàlàyé tipẹ́ pé àìsàn tó wà nídìí ètò náà ni pé ilé-iṣẹ́ tó ń pàdánù mọ̀ pé ìjọba á gba òun sílẹ̀.

Ibẹ̀ ni Rọ́ṣíà ti yàtọ̀. Ní ọjọ́ kejì oṣù kìíní 1992, ìjọba ààrẹ Boris Yeltsin, pẹ̀lú Yegor Gaidar tó ń darí ètò náà, tú iye owó ọ̀pọ̀ jù lọ ọjà sílẹ̀. Kí oṣù díẹ̀ tó kọjá ni báńkì àpapọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ owó fún àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń pàdánù. Àwọn báńkì àpapọ̀ orílẹ̀-èdè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yapa kúrò lára Sófíẹ́ẹ̀tì náà ṣì ń yáni lówó ní rúbù. Láàárín ọdún kan, ọjà wọ́n tó ìlọ́po 26. Àgbàlagbà tó ti ń tọ́jú owó sí báńkì fún ọgbọ̀n ọdún jí lọ́jọ́ kan, ó rí i pé owó náà ò ra nǹkan kan mọ́. Ẹ̀mí àwọn ọkùnrin, tó jẹ́ nǹkan bí ọdún 64 ní 1990, já sí ìsàlẹ̀ 58 ní 1994. Àwọn tó ń sọ pé ìwòsàn kan náà ni Pólàndì àti Rọ́ṣíà lò kò wò ó fínnífínní. Rọ́ṣíà ṣí ilẹ̀kùn, àmọ́ kò ti ẹnu ẹ̀rọ tí owó ń tú jáde pa. Ìyà Pólàndì jẹ ẹ́, èrè Pólàndì kò tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.

Ọ̀nà kejì: díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà

Ní ìparí 1978, ní abúlé Xiaogang ní ìpínlẹ̀ Anhui ní Ṣáínà, àgbẹ̀ láti ìdílé 18 pàdé ní bòókẹ́lẹ́, wọ́n sì tẹ̀ka síwèé kan. Wọ́n fẹ́ pín ilẹ̀ oko àpapọ̀ láàárín ara wọn. Ìdílé kọ̀ọ̀kan á fi ìpín ìjọba jíṣẹ́, èyí tó bá ṣẹ́ kù di tirẹ̀. Òfin kò gbà á láyè rárá. Nítorí náà ni wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé náà pé bí wọ́n bá ju àwọn tó ṣíwájú sẹ́wọ̀n, àwọn ìyókù ni yóò tọ́ àwọn ọmọ wọn títí wọn yóò fi pé ọdún 18. Ìkórè tó tẹ̀ lé e pọ̀ rẹpẹtẹ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Dípò kí ìjọba jù wọ́n sẹ́wọ̀n, ó wò wọ́n, ó jẹ́ kí àwọn mìíràn ṣe é, nígbà tó sì fi máa di 1984, oko àpapọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nílẹ̀ Ṣáínà.

Ọgbọ́n kan náà ni wọ́n mú wọ ilé-iṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ irin á kó iye tí ìjọba ní kó kó wá fún un ní iye tí ìjọba dá. Èyí tó bá ṣe lé e, ó lè tà á ní iye tí ọjà bá pè. Ọjà méjì ń ná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: ti ìjọba dúró sójú kan, ti gbogbo ayé ń dàgbà, títí ti ìjọba fi di kékeré nínú rẹ̀. Ẹwà rẹ̀ nìyí: ní ìbẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó pàdánù. Ilé-iṣẹ́ tó ń ra irin ní ẹ̀dínwó tẹ́lẹ̀ ṣì ń rí i rà. Àgbẹ̀ rí owó, abúlé dá ilé-iṣẹ́ kéékèèké sílẹ̀, wọ́n sì ya Shenzhen àti ìlú mẹ́ta mìíràn sọ́tọ̀ fún àwọn oníṣòwò ilẹ̀ òkèèrè ní 1980.

Àléébù rẹ̀ fara pamọ́ sínú ẹwà náà. Níbi tí nǹkan kan náà bá ti ní iye méjì, ẹni tó bá lè rà á ní ti ìjọba kó tà á ní ti ọjà kò nílò iṣẹ́ mìíràn. Àwọn ìjòyè àti àwọn ọmọ wọn ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn ará Ṣáínà sì ní orúkọ fún un: guandao. Nígbà tí ìjọba wá kéde ní 1988 pé òun fẹ́ tú iye owó tó kù sílẹ̀, àwọn èèyàn sáré lọ gba owó wọn ní báńkì, wọ́n kó gbogbo ohun tí wọ́n bá rí lórí àtẹ. Ọ̀wọ́n gógó yẹn àti ìbínú sí guandao wà lára ohun tó tú ogunlọ́gọ̀ jáde ní 1989, gbogbo ayé sì mọ bí ìyẹn ṣe parí: ìjọba rán ọmọ ogun sí wọn. Gbèsè àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tí wọ́n kọ̀ láti fọwọ́ kàn náà dé níkẹyìn: ní ìparí àwọn ọdún 1990, òṣìṣẹ́ tó ju mílíọ̀nù 20 lọ pàdánù iṣẹ́, pàápàá ní àríwá ìlà-oòrùn. Wọ́n sún owó náà síwájú, wọn ò pa á rẹ́.

Ṣé ó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé? Ní Ṣáínà, bẹ́ẹ̀ ni, nítorí ọwọ́ ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba ṣì ká gbogbo ìlú, ó sì lè mú kí ilé-iṣẹ́ máa kó ìpín ìjọba wá. Ní Sófíẹ́ẹ̀tì, Mikhail Gorbachev tó ń ṣèjọba níbẹ̀ náà gbìyànjú díẹ̀díẹ̀. Òfin tó fún àwọn ilé-iṣẹ́ lómìnira bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1988, wọ́n sì gba àwọn èèyàn láyè láti dá okòwò àjọṣe sílẹ̀. Àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ fi òmìnira náà gbé owó oṣù sókè, wọ́n ń darí ọjà gba ẹ̀yìn lọ sọ́wọ́ okòwò àjọṣe tí àwọn ara wọn dá sílẹ̀, gbèsè ìjọba sì ń ga. Nígbà tó di 1991, pẹpẹ ti gbẹ ju ti ìṣáájú lọ. Díẹ̀díẹ̀ láìsí ọwọ́ tó ń ṣọ́ nǹkan, jíjí kó lásán ló ń dà.

Ẹ tún wo iye àgbẹ̀. Ní 1978, nǹkan bí ẹni méje nínú òṣìṣẹ́ mẹ́wàá ní Ṣáínà ló ń ṣe iṣẹ́ oko. Ní Rọ́ṣíà, nígbà tí àyípadà dé, wọn ò tó ẹni kan nínú mẹ́fà. Bí o bá fún àgbẹ̀ ní ilẹ̀, yóò kórè láàárín ọdún kan. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ ogun ní àgbègbè Ural kò ní irú ìkórè bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà kẹta: pín ilé-iṣẹ́ fún gbogbo ìlú

Láti ibí lọ, ìbéèrè kejì ni à ń dáhùn: ta ni yóò ni ín? Ní Czechoslovakia, Václav Klaus tó jẹ́ mínísítà ètò ìnáwó àti àwọn tó bá a ṣe é ní kí gbogbo àgbàlagbà ra ìwé fáúṣà tó ní máàkì 1,000 nínú, ní koruna 1,035, nǹkan bí owó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan. Máàkì náà ni wọ́n ń fi du ìpín nínú ilé-iṣẹ́. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ní 1992, èèyàn bíi mílíọ̀nù 8 àti ààbọ̀ ló kópa. Ó yá, kò ná ìjọba ní nǹkan púpọ̀, ó sì jọ ìdájọ́ òdodo lójú, torí gbogbo ìlú ló ṣiṣẹ́ kọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ náà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ló yẹ kí a wò. Ọ̀pọ̀ èèyàn fi máàkì wọn fún àwọn àjọ ìdókòwò tó ṣèlérí fún wọn pé owó wọn á di ìlọ́po mẹ́wàá. Àwọn báńkì ńlá ló ni púpọ̀ nínú àwọn àjọ náà, ìjọba sì ṣì ni ìpín tó pọ̀ nínú àwọn báńkì. Báńkì ń yá ilé-iṣẹ́ tí àjọ tirẹ̀ ni lówó. Ta ni yóò wá jẹ́ kó kógbá sílé? Àwọn ọ̀gá kan ń fa dúkìá ilé-iṣẹ́ jáde nílẹ̀ẹ́lẹ̀, àwọn ará Czech sì pè é ní gbígbẹ́ ihò. Ẹni tó ní ìpín bíńtín nínú ilé-iṣẹ́ kò lágbára láti bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè. Nígbà tó di 1997, owó wọn bọ́ sínú wàhálà.

Ti Rọ́ṣíà burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti oṣù kẹwàá 1992, wọ́n pín fáúṣà tí wọ́n kọ 10,000 rúbù sí lára fún gbogbo èèyàn, tọmọdé tàgbà, ó sún mọ́ mílíọ̀nù 150. Ọ̀wọ́n gógó ti jẹ iye náà kó tó wúlò. Àwọn ọkùnrin dúró lẹ́nu ọ̀nà ibùdókọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ pẹ̀lú páálí lọ́rùn: a ń ra fáúṣà. Ìyá tó nílò oúnjẹ lọ́jọ́ náà tà á. Nígbà tó wá di 1995, ìjọba yá owó lọ́wọ́ àwọn báńkì díẹ̀, ó fi ìpín nínú àwọn ilé-iṣẹ́ tó níye lórí jù, bíi Norilsk Nickel àti Yukos, ṣe ìdúró. Gbèsè náà kò ṣeé san, àwọn báńkì kan náà ló sì ṣètò gbànjo tí àwọn èèyàn wọn ti rà á ní owó pọ́ọ́kú. Títí dòní, ọ̀pọ̀ ará Rọ́ṣíà ni kò gbà pé àwọn olówó yẹn rí ọrọ̀ wọn lọ́nà ẹ̀tọ́, mi ò sì dá wọn lẹ́bi.

Ọ̀nà kẹrin: tà á fún ẹni tó lówó

Hungary kò pín ilé-iṣẹ́ fún gbogbo ìlú. Láti 1968 ni wọ́n ti ń tú ètò náà díẹ̀díẹ̀, nígbà tí ọjọ́ wá pé, wọ́n ń ta ilé-iṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, lówó gidi, lọ́pọ̀ ìgbà fún àjèjì. Tungsram tó ń ṣe gílóòbù iná bọ́ sọ́wọ́ General Electric. Òfin kan tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1992 fipá mú àwọn tí kò lè san gbèsè láti jẹ́wọ́. Ó lọ́ra, ó sì máa ń dun àwọn èèyàn pé ohun ìní bàbá àwọn wà lọ́wọ́ àlejò. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi owó ara rẹ̀ rà á ń ṣọ́ ọ, ó sì ń mú ẹ̀rọ tuntun wá. Estóníà gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n gbé owó tiwọn, kroon, jáde ní oṣù kẹfà 1992, wọ́n so ó mọ́ owó Jámánì, tí wọ́n ń pè ní máàkì nígbà yẹn, ní kroon 8 sí máàkì kan.

Jámánì Ìlà-Oòrùn ni mo fẹ́ kí o wò dáadáa kó o tó ní títà kíákíá ló dáa. Ní ọjọ́ kìíní oṣù keje 1990, owó Jámánì Ìwọ̀-Oòrùn di owó wọn, wọ́n sì yí owó oṣù padà ní ẹyọ kan sí ẹyọ kan. Ilé-iṣẹ́ tí ẹ̀rọ rẹ̀ ti gbó ní láti máa san owó oṣù ní máàkì tó lágbára láti ọjọ́ náà lọ, àwọn oníbàárà rẹ̀ ní ìlà-oòrùn Yúróòpù kò sì ní máàkì tí wọn yóò fi rà á. Treuhand, àjọ tí wọ́n ní kó ta nǹkan bí ilé-iṣẹ́ 8,500 pẹ̀lú òṣìṣẹ́ mílíọ̀nù mẹ́rin, parí iṣẹ́ ní òpin 1994 pẹ̀lú àdánù tó ju bílíọ̀nù 200 máàkì lọ. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú iṣẹ́ náà ti lọ. Ẹ̀gbọ́n wọn ní ìwọ̀-oòrùn ló san án. Kò sí orílẹ̀-èdè mìíràn tó ní irú ẹ̀gbọ́n bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà karùn-ún: iye owó kíákíá, ìní díẹ̀díẹ̀

Wọ́n máa ń ka Vietnam mọ́ Ṣáínà, torí ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì ṣì ń ṣèjọba níbẹ̀. Ìpàdé ẹgbẹ́ ní oṣù kejìlá 1986 ló bí ètò tí wọ́n pè ní Đổi Mới, ọdún méjì àkọ́kọ́ sì lọ́ra lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọjà ń wọ́n ní ìlọ́po mẹ́ta ó kéré tán lọ́dọọdún. Ní 1988, wọ́n fi ilẹ̀ lé àwọn ìdílé lọ́wọ́. Ní 1989, wọ́n tú fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo iye owó ọjà sílẹ̀, wọ́n gbé èlé báńkì kọjá bí ọjà ṣe ń wọ́n tó, kí ẹni tó tọ́jú owó má bàa pàdánù. Ọ̀wọ́n gógó já wálẹ̀ gidigidi. Orílẹ̀-èdè tó ń ra ìrẹsì jẹ láti òkèèrè tẹ́lẹ̀ ta ohun tó ju mílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù sí òkèèrè lọ́dún yẹn kan náà. Wọn ò sì sáré ta ilé-iṣẹ́ ìjọba.

Wò ó dáadáa: Pólàndì náà ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn méjì tí àwọn èèyàn ń fi sí òpin méjì tó jìnnà síra, ohun kan náà ni wọ́n ṣe níbi tó ṣe kókó. Wọ́n yá nípa iye owó, wọ́n rọra nípa ìní, wọn ò sì jẹ́ kí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé owó bá wọn ṣe é. Nínú gbogbo ọ̀nà yìí, èyí lèmi fọkàn sí jù.

Ta ló yẹ kó mú èwo?

Bí owó ìlú bá ti ń jóná, tí pẹpẹ gbẹ, tí ìjọba tuntun tí aráàlú gbà gbọ́ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ọ̀nà Pólàndì ni, lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, torí irú ìgbàgbọ́ bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ lọ́wọ́ ìjọba kankan. Ṣùgbọ́n kí wọ́n ti ní owó ìtìlẹ́yìn fún ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n sì mọ abúlé tó jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ kan ló ń bọ́ ọ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Bí báńkì àpapọ̀ bá ṣì wà lábẹ́ àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́, kí wọ́n yanjú ìyẹn ṣáájú, àìṣe bẹ́ẹ̀ Rọ́ṣíà ni wọ́n ń lọ.

Bí àgbẹ̀ bá pọ̀ jù lọ, tí ìjọba lágbára, tí ọjà kò sì wọ́n ju ara lọ, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti oko kí wọ́n lo iye owó méjì. Kí wọ́n kéde ọjọ́ tí iye ti ìjọba yóò parí láti ìbẹ̀rẹ̀, torí guandao kì í fúnra rẹ̀ kú.

Orílẹ̀-èdè kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà ńlá, tí kò ní owó nílé, kí ó tà á ní gbangba, lọ́kọ̀ọ̀kan, bíi Hungary àti Estóníà. Fáúṣà, mi ò lè gba ẹnikẹ́ni níyànjú rẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ ńlá àyàfi níbi tí òfin ti ń dáàbò bo ẹni tó ní ìpín kékeré, tí báńkì àti àjọ ìdókòwò sì yàtọ̀ síra. Ṣọ́ọ̀bù àti ilé gbígbé ni kí wọ́n tètè fi sọ́wọ́ àwọn èèyàn. Mi ò tíì gbọ́ ibi tí wọ́n ti kábàámọ̀ ìyẹn.

Kúbà lèmi máa ń rò mọ́ ìwé yìí. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2021, wọ́n pa ọ̀kan nínú owó wọn méjèèjì rẹ́, wọ́n so peso mọ́ dọ́là ní 24 sí dọ́là kan, ṣùgbọ́n wọn ò tú ọwọ́ àgbẹ̀ sílẹ̀ tó bó ṣe yẹ. Kò sí ọjà tuntun tí owó náà yóò rà, iye owó fò sókè, dọ́là di ọ̀wọ́n lójú títì. Erékùṣù náà ń ra ọ̀pọ̀ nínú oúnjẹ rẹ̀ láti òkèèrè, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ wà. Bí wọ́n bá bi mí, Vietnam ni màá tọ́ka sí, láti ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ gan-an: kí àgbẹ̀ Kúbà ta ìkórè rẹ̀ fún ẹni tó bá wù ú, ní iye tó bá wù ú, láìkọ́kọ́ gba ọwọ́ Acopio, àjọ ìjọba tó ń ra oúnjẹ lọ́wọ́ wọn, lọ.